Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ Orlando Martins, ẹ bá mi dá sí i

Àbẹ̀kẹ́ Onítíátà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi ní ẹ̀ka tíátà lórí Orlando Martins, ọmọ Èkó tó di òṣèré orí ìtàgé àti sinimá nílùú òyìnbó. Ẹnì kan ní kíláàsì wa ní kí n má wulẹ̀ ṣe wàhálà, pé gbogbo ohun tí bàbá náà ṣe láyé kò ju kó wọ awọ ẹran, kó máa pariwo fún òyìnbó wò lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò rí èsì tó lórí tó nídìí fún un. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́? Fíìmù rẹ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Bàbá Àlàbí, Ìsàlẹ̀ Èkó
Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń ṣeré orí ìtàgé, àwa tá à ń gbé eré kiri láti ìlú dé ìlú, nítorí náà ojú òṣèré ni màá fi wò ó fún ọ.

The Hasty Heart ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Orlando ti ṣe é lórí ìtàgé ní London kí wọ́n tó sọ ọ́ di fíìmù ní 1949. Ilé ìwòsàn àwọn sójà ni, ní Bọ́mà, níbi tí àwọn bàbá tiwa náà ti jagun. Sójà ará Scotland kan wà níbẹ̀, Lachie, onígbèéraga tí kì í fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ikú ti dé tán, òun nìkan ni kò mọ̀. Àwọn yòókù mọ̀, wọ́n sì ń ṣe é lóore. Nígbà tí àṣírí tú, inú bí i, ó ní àánú ni wọ́n ń ṣe òun, òun ò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́ mọ́. Orlando ni Blossom, ọmọ Áfíríkà tó wà láàárín wọn, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Blossom mú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wá fún un, Lachie kọ̀ ọ́. Ìgbà tí wọ́n là á yé e pé Blossom ò gbédè, pé kò síbi tó ti lè gbọ́ pé ikú ń bọ̀, pé ìfẹ́ lásán ló fi mú ìlẹ̀kẹ̀ náà wá, ibẹ̀ lọkàn ọkùnrin náà ti rọ̀.

Ọmọ mi, rò ó wò. Gbogbo ìtàn yẹn, orí ẹni tí kò sọ̀rọ̀ ló dúró lé. Richard Todd tó ṣe Lachie ní ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tó ń du Oscar. Ronald Reagan tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, òun náà lọ́rọ̀ lẹ́nu. Ojú, ọwọ́ àti ìjókòó nìkan ni Orlando ní. Bó bá fi kún un díẹ̀, bó bá sọ ara rẹ̀ di ẹni ẹ̀rín, eré yẹn bàjẹ́ nìyẹn. Kò fi kún un. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ wo ibẹ̀ láìgbọ́ ohùn rárá.

Ibo ló ti rí irú ara bẹ́ẹ̀? Òkèsúnà ni wọ́n bí i sí ní 1899. Ó da èédú síná nínú ọkọ̀ òkun Mauretania nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní London, ó ja ìjàkadì, Black Butcher Johnson lorúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀, ó sì bá àwọn oníjó bálẹ́ẹ̀tì Diaghilev, ará Rọ́ṣíà, dúró lórí ìtàgé kó tó kan sinimá. Ẹni tó bá ti jà fún owó níwájú èrò, ó mọ bí èèyàn ṣe ń wo ara ẹlòmíì.

Káyọ̀dé Peckham
Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọmọ kíláàsì Àbẹ̀kẹ́ ò parọ́ tán o. Fíìmù Sanders of the River (1935) tí Orlando wà nínú rẹ̀ ń yin ìjọba amúnisìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Paul Robeson, akọrin àti òṣèré aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ ògbóǹtarìgì inú rẹ̀, padà kẹ̀yìn sí i. Ní 1946 ẹ̀wẹ̀, nínú Men of Two Worlds, Orlando ni Magole, oníṣègùn tí kò jẹ́ kí ará abúlé kó kúrò níbi tí eṣinṣin ti ń kó àrùn oorun ràn wọ́n. Kí ló dé tí kò kọ̀ ọ́?

Ìyá Ìbejì, Pópó Àgùdà
Ẹ má gbàgbé pé ọmọ Àgùdà ni. Ìdílé tó ti Bràsíl padà wálé ló ni orúkọ Martins yẹn. Ó sì wálé ní 1959. Àbẹ̀kẹ́, ó wà nínú Kongi's Harvest tí Ossie Davis darí ní 1970, tí Ṣóyinká fúnra rẹ̀ ṣe Kongi. Fi ìyẹn kún iṣẹ́ rẹ.

Bàbá Àlàbí, Ìsàlẹ̀ Èkó
Káyọ̀dé, Sanders kò dáa, mi ò ní gbè é. Ṣùgbọ́n ipa kékeré ni Orlando ní níbẹ̀. Jomo Kenyatta tó wá di ààrẹ Kenya lẹ́yìn náà gan-an wà lára àwọn tí wọ́n kó wá dúró nínú fíìmù yẹn! Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nìyẹn fún aláwọ̀ dúdú ní London. Ní ti Magole, ọ̀tá ni wọ́n kọ ọ́ ní, síbẹ̀ òun ni mo ń wò ní gbogbo ìgbà tó bá yọjú.

Ẹ tún wo ọdún tó tẹ̀ lé Sanders. Ní March 1936, ní Westminster Theatre, wọ́n ṣe eré Toussaint Louverture, ìtàn olórí àwọn ẹrú tó jà fún òmìnira ní Haiti, tí C.L.R. James, òǹkọ̀wé ará Trinidad, kọ. Robeson ni Toussaint, Orlando ni Boukman, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Haiti ní 1791. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ṣe é. Èmi ò lè gbàgbé ìyẹn, pé ipa ọkùnrin tó dìde sí olówó rẹ̀ wá sọ́wọ́ Orlando, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì fi mọ.

Àbẹ̀kẹ́ Onítíátà
Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Ẹ̀yin náà, màmá àti bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé. Ṣé eré Toussaint yẹn ṣì wà ní kíkọ?

Bàbá Àlàbí, Ìsàlẹ̀ Èkó
Ó wà. Wọ́n ti rò pé ó sọnù, àfìgbà tí wọ́n rí i láàárín àwọn ìwé àtijọ́ kan ní Yunifásítì Hull. Duke University Press tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2013. Ní kí ilé ìkàwé yín bá ọ wá a. Tó o bá ti kọ apá tó kan Blossom tán, gbé e síbí kí n kà á.