Kí lẹ fi ọwọ́ ara yín tú? Ìrírí àwa tí à ń hun súwẹ́tà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ sì kú ọyẹ́. Òtútù òwúrọ̀ yìí ló rán mi létí pé mi ò tíì sọ ìtàn súwẹ́tà aláwọ̀ ewé yẹn fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á gbọ́dọ̀ sọ tiẹ̀ náà. Kí lẹ fi ọwọ́ ara yín hun tí ẹ tún fi ọwọ́ ara yín tú? Mi ò fẹ́ gbọ́ èyí tó dára. Èyí tó dára, a ti rí i lọ́rùn yín ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti bísíkíìtì ni mò ń tà. Láti aago méjìlá sí aago mẹ́ta, oòrùn á mú, oníbàárà á dà bí ẹyẹ tó ṣí lọ, àwọn tí ìsọ̀ wa jọ wà pọ̀ á ti máa sùn lórí àga. Ìgbà yẹn ni mo máa ń fa àpò wúùlù mi yọ lábẹ́ tábìlì. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló sì máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Mọ́mì, nínú ooru yìí, ta ló fẹ́ wọ súwẹ́tà?" Mi ò dá wọn lóhùn mọ́. Kí oṣù Kejìlá ṣáà dé, kí ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í là, kí wọ́n wá gun ọ̀kadà láago márùn-ún ìdájí láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè. Tàbí kí wọ́n bímọ sínú oṣù Keje tí òjò ò dá. Àwọn kan náà ló máa padà wá pé, "Mọ́mì, ẹ bá wa hun fìlà ọmọ tuntun, ẹ dákun, ọ̀la ni ìkómọ."

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Agbára òbí mi kò ká píìnì, ìyẹn ọ̀pá méjì tí a fi ń hun, ìgbálẹ̀ ni mo fi níìtì. A ó ṣa ẹyọ méjì tó le jù lọ, a ó fi àfọ́kù ìgò ha á títí yóò fi dán kó má baà máa fa òwú. Bó bá ṣẹ́ mọ́ ẹni lọ́wọ́ láàárín iṣẹ́, ojú òwú 20 tó wà lórí rẹ̀ á bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni náà á gbàgbé pé tíṣà wà ní kíláàsì, á figbe ta.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí aláwọ̀ ewé yẹn. Wúùlù ti wọ́n. Bí mo bá ra èyí tó máa tó súwẹ́tà àgbàlagbà kan, owó yẹn á ra òkìrìkà méjì, á sì tún ku ṣéńjì. Ni mo bá ronú pé kí ló dé tí mi ò ra òkìrìkà yẹn gan-an, kí n tú u, kí n fi òwú rẹ̀ hun tèmi? Mo pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n. Mo rí ọ̀kan lọ́jọ́ kan, ó tutù lójú bí ewé ewúro tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ó rọ̀ lọ́wọ́, ó sì tóbi bí ẹni pé òmìrán ló bọ́ ọ sílẹ̀. Kí n tó sanwó ni mo ti ń ka iye fìlà ọmọ tó máa jáde nínú rẹ̀.

Mo délé, mo tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo wá orí òwú, mo fà á. Ó wá, ó wá, ó já. Mo wá orí mìíràn. Ó tún já níbi kan náà. Títí ilẹ̀ fi ṣú, òkìtì òwú kéékèèké ló wà níwájú mi. Ọkọ mi wọlé, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ṣé adìyẹ lo ń tu níyẹ̀ẹ́ ni?"

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé oríṣi méjì ni súwẹ́tà tó ń ti ilé iṣẹ́ wá. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti hun iwájú, ẹ̀yìn àti apá sí bó ṣe yẹ kó rí, tí wọ́n kàn wá so wọ́n pọ̀. Ìyẹn, bí ẹ bá ti rí orí òwú, yóò máa tú lọ rẹrẹ láìjá. Èkejì, aṣọ fífẹ̀ gbàràgàdà ni wọ́n hun, wọ́n fi síṣọ́ọ̀sì gé e bí ìgbà tí télọ̀ ń gé ànkárá, wọ́n wá wíífù ẹnu rẹ̀ kó má baà tú. Síṣọ́ọ̀sì ti já gbogbo ìlà tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fà á títí di ọdún tó ń bọ̀, òwú kan kò ní gùn ju ti ìlà kan ṣoṣo lọ. Nísinsìnyí, bí mo bá dé ìdí òkìrìkà, inú aṣọ ni mo máa ń kọ́kọ́ yí síta. Bí mo bá ti rí wíífù lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ti kọjá. Àwọn tó ń tà á rò pé kókòrò ni mò ń wá.

Bí mo bá sì gbé èyí tó dára délé, mo máa ń já òwú bíńtín, mo máa ń ṣáná sí i. Bó bá rùn bí irun tó jó, tí eérú rẹ̀ sì fọ́ lọ́wọ́, irun àgùntàn ni. Bó bá yọ́ tó di kóró líle, àkírílíkì ni, ọmọ ìyá ike. Mi ò bú u o. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní wúùlù lọ́jà kò bá àgùntàn pàdé rí. Àgùntàn tiwa níbí gan-an, irun ara rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́, kò ṣe é ran.

Òwú tí ẹ bá tú yóò ká kọ́lọkọ̀lọ bí Indomie. Ẹ má fi hun nǹkan bẹ́ẹ̀ o. Ẹ wé e yí ẹ̀yìn àga, ẹ dì í níbi mẹ́rin kó má baà lọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́, kí ẹ wá fi kọ́ okùn pẹ̀lú ìgò omi kan tí ẹ so mọ́ ìdí rẹ̀. Kó tó gbẹ, yóò ti nà.

Tèmi nìyẹn. Ó kù sọ́wọ́ yín.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Oǹdó

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ẹ kú ìrántí. Home Economics ni mo kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìgbálẹ̀ tí ẹ fi ń níìtì yẹn náà ni a sì fi ń gbá yín lọ́wọ́. Ẹ má bínú.

Ẹ rántí sípóòkù kẹ̀kẹ́? Ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá ní kẹ̀kẹ́ kì í ra píìnì. Yóò lọ ẹnu sípóòkù méjì mọ́ òkúta, ó parí. Àmọ́ ó tinrin jù, aṣọ tí wọ́n bá fi hun a máa le gan-an bí páálí. Nọ́ńbà 8 ni mo máa ń ní kí wọ́n rà, nọ́ńbà 10 fún ẹnu ọwọ́ àti ìdí súwẹ́tà. Àwọn òbí á sì ra nọ́ńbà 12 wá, wọ́n á ní èyí tóbi jù, ọmọ á lò ó pẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni nínú òǹkà àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni píìnì ń tinrin sí i.

Mo ti ṣàlàyé èyí fún ọmọ ọlọ́mọ tó egbèje ìgbà. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe èmi fúnra mi. Ọmọbìnrin mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bi mí pé kí ni kí òun mú bọ̀. Mo ní kó bá mi ra píìnì nọ́ńbà 8, tèmi ti tẹ̀. Ó ra á, ó kọ 8 sí i lára lóòótọ́. Mo rí i pé ó nípọn bí ìka ọwọ́ mi. Mo ní bóyá ayé ti yí padà ni. Mo jókòó, mo hun súwẹ́tà fún ọkọ rẹ̀ láti ìdí dé abẹ́ apá. Nígbà tí mo nà án, mo ń rí kàlẹ́ńdà ara ògiri láti inú rẹ̀. Àwọ̀n ni mo hun. Ẹja àrọ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá, kò ní fara kàn án.

Mìlímítà 8 ni ọmọ rà. Nọ́ńbà 8 tiwa, mìlímítà 4 ni. Lórí mìlímítà 4, wúùlù tí mo lò yẹn, ojú 22 ló yẹ kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10. Tèmi, ojú 13 ti débẹ̀. Bí mo bá hun pélébé kan wò kí n tó bẹ̀rẹ̀, bí mo ti máa ń fi ipá mú àwọn ọmọ ṣe, ọjọ́ kìíní ni mi ò bá ti mọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá kí n tó tú u. Mi ò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi kankan yalé wá kí mi lásìkò yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, Àkúrẹ́

Mo kí ẹ̀yin màmá wa. Ọkùnrin ni mí o, kí ẹ má baà pè mí ní àǹtí.

Nígbà ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní ọdún 2022 tí a fi oṣù 8 jókòó sílé ni mo kọ́ kòróṣè, ìyẹn fífi ìkọ́ kan hun òwú, lórí YouTube. Mo ń hun fìlà àti báàgì, àwọn ọmọ kíláàsì wa ń rà á. Nígbà tó yá, mo ní kí n gbìyànjú níìtì náà. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Nínú kòróṣè, ojú kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ìkọ́, bó bá bọ́, mo mú un padà. Nínú níìtì, gbogbo ojú ló tò sórí píìnì tí wọ́n ń wò mí.

Síkáàfù ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ojú 40 sórí píìnì, mo níìtì ìlà kan, mo pọ́ọ̀lì ìkejì (pọ́ọ̀lì ni ojú níìtì tí a yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú), bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi gùn tó mi. Iwájú rẹ̀ dán bí èyí tí wọ́n rà. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ká. Mo nà án, ó tún ká. Ó di paipu. Mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Ẹ̀yin ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àkírílíkì ni. Ibi tí áyọ́ọ̀nù kàn ń dán yinrin, ó sì rọ jọwọrọ bí ewé ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Mo tú ìyókù. Ibi tí áyọ́ọ̀nù ti kàn án kò wúlò mọ́.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Oǹdó

Ọmọ mi, kì í ṣe ẹ̀bi áyọ́ọ̀nù. Bí gbogbo níìtì bá wà lójú kan, tí gbogbo pọ́ọ̀lì wà lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ká, bí o gbàdúrà bí o ò gbà. Fún síkáàfù, níìtì méjì, pọ́ọ̀lì méjì, kí o máa pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀ títí dópin ìlà. Tàbí kí o níìtì gbogbo ìlà láìpọ́ọ̀lì rárá. Yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Lo píìnì mìlímítà 4. Kí o sì mọ̀ pé nínú gbogbo ọmọkùnrin tí mo kọ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n hun kì í kanra lọ́jọ́ ìdánwò. Ọwọ́ wọn máa ń balẹ̀.

Ọkọ ẹnìkan, Àkúrẹ́

Èmi ò tú nǹkan kan. Ìyàwó mi ló ń hun súwẹ́tà fún mi. Ó ti ní iwájú, ó ti ní ẹ̀yìn, ó ní apá kan. Ọyẹ́ karùn-ún rèé.

Nọ́ọ̀sì kan, Oǹdó

Èmi ò lè tú tèmi, ìyẹn ni ìbànújẹ́ ibẹ̀. Ìborùn ni mo hun fún màmá mi nígbà tí wọ́n pé 70 ọdún. Irun àgùntàn gidi ni, láti òkè òkun, àwọ̀ rẹ̀ pupa bí osùn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi hun ún, lálẹ́ tí mi ò bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó fẹ̀ débi pé ó bo èjìká wọn dé ìgbọ̀nwọ́.

Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn fẹ́ ṣe dáadáa. Ó gbé omi gbígbóná kaná, ó da ọṣẹ sí i, ó sì gbo ìborùn náà mọ́ pátákó bí ẹni ń gbo ṣòkòtò oko. Irun àgùntàn kò fẹ́ omi gbígbóná àti gbígbo pa pọ̀ rárá, ńṣe ló máa ń sún kì, á wọnú ara wọn. Ìborùn náà di ohun tó tó àwo oúnjẹ méjì, ó nípọn bí rọ́gì. Mo wá orí òwú títí, kò sí. Kò sí ojú mọ́, aṣọ kan ṣoṣo ni.

Màmá mi kò bínú. Ìyá tiwọn a máa ran òwú, wọ́n a sì máa hun kíjìpá lórí òfì tí wọ́n gbé ti ògiri. Wọ́n ní kò sí ohun tí a fi òwú ṣe tí kò ní ìlò. Wọ́n ká ìborùn yẹn róbótó, wọ́n sì fi ṣe òṣùká. Wọ́n ní àwọn kò tíì ní òṣùká tó rọrùn lórí tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo bá lọ sílé, tí mo bá rí wọn tí wọ́n ru omi, wúùlù òkè òkun mi ni mò ń wò yẹn.

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́

Nọ́ọ̀sì, mo rẹ́rìn-ín títí oníbàárà fi ro pé mo ya wèrè. Ẹ bá mi kí Màmá.

Tíṣà, ọ̀rọ̀ iye ojú tí ẹ sọ yẹn rán mi létí ọ̀kan tí mi ò tíì tú. Ní ọdún 2023, nígbà ìlà epo, ìdí mọ́tò ni mo ti hun iwájú súwẹ́tà kan. Ẹ mọ bí ìlà yẹn ṣe rí, ẹni tó bá sún síwájú díẹ̀, ẹlòmíràn á fẹ́ bá a jà. Ilé ni mo ti hun ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Píìnì kan náà, wúùlù kan náà, iye ojú kan náà. Nígbà tí mo gbé wọn kanra, iwájú fi ìka mẹ́ta kéré sí ẹ̀yìn. Bí ara mi ṣe le nínú ìlà ni mo ṣe ń fa òwú. Mo ràn wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ni mo wọ̀ láàárọ̀ yìí.

Ọkọ ẹnìkan, ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín gbé súwẹ́tà yẹn wá sí ìsọ̀ mi, láàárín aago méjìlá sí aago mẹ́ta. A ó jọ parí rẹ̀. Apá wo ló ní?

Ọkọ ẹnìkan, Àkúrẹ́

Ọ̀tún ló ní, mà. Òsì ni òtútù ń pa.