Minivan tuntun fún ẹbí: ẹ̀yin tí ẹ ń wà á, kí lojú yín rí?

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbejì mi ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, Ìdòwú sì ti ń bọ̀ lọ́nà. Àga ọmọdé mẹ́ta ò lè gba ẹ̀yìn ọkọ̀ tí a ní báyìí. Ọkọ mi ní Toyota Sienna ni ká rà, àbúrò mi ní Honda Odyssey, ẹni tó ń tajà ní Kia Carnival ló dáa jù. Mo ti ka ìwé ìpolówó wọn, kálukú ń yin ọjà tirẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kó ọmọ kiri nínú wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Ẹ má wulẹ̀ ka agbára ẹ́ńjìnnì fún mi, ọmọ ni mo fẹ́ kó.

Bàbá Wúrà
Sienna ni. Ẹ má da ara yín láàmú.

Tèmiladùn
Bàbá Wúrà, ẹ ṣàlàyé fún wọn náà! Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí epo. Láti Sienna ti ọdún 2021 ni Toyota ti fi èyí tó ń lo epo nìkan sílẹ̀, hybrid ni gbogbo rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 àti mọ́tò oníná ló jọ ń wọ́ ọ. Èyí tí táyà iwájú nìkan ń fà ń rin nǹkan bíi máìlì 36 lórí gálọ́ọ̀nù kan, Odyssey sì ń rin 22. Ọ̀nà ilé ìwé àwọn ọmọ wa ò jìn, ṣùgbọ́n ẹ dúró, ẹ rìn, ẹ tún dúró ni. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gan-an ni hybrid fẹ́ràn, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, iná ń padà sínú bátìrì. A rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lápò wa.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ mọ èyí: ìjókòó àárín Sienna kò ṣe é yọ. Airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú láti dáàbò bo èèyàn tí ọkọ̀ bá gbá nǹkan, wà lára ìjókòó náà, wọ́n sì ti dè é mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó ń sún síwájú sẹ́yìn dáadáa, àmọ́ kò ní jáde. Tí ẹ bá jẹ́ ẹni tó máa ń kó fíríìjì tàbí pákó gígùn, ẹ wo ibòmíràn.

Ọmọ Akin
Ta ló ń fi minivan kó fíríìjì?

Ìyá Moyọ̀
Èmi.

Àlàbí Onímọ́tò
Ìyá Moyọ̀, ẹ káre 😂. Ọ̀rọ̀ yín ló mú mi sọ̀rọ̀. Gbogbo yín ń pariwo Sienna, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Chrysler Pacifica, bẹ́ẹ̀ àwọn Chrysler ló sọ irú ọkọ̀ yìí di ti gbogbo ẹbí ní Amẹ́ríkà látìgbà Dodge Caravan àti Plymouth Voyager ti 1984. Pacifica wa, èyí tó ń lo epo nìkan, ìjókòó àárín rẹ̀ ń ká wọnú ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ ò ní gbé ohunkóhun sílé, ẹ ò ní bẹ ẹnikẹ́ni kó bá yín gbé e. Stow 'n Go ni wọ́n ń pè é, láti àwọn ọkọ̀ ọdún 2005 ló sì ti wà. Tí ìjókòó bá dúró, ihò inú ilẹ̀ yẹn ṣófo, ibẹ̀ ni bàtà, bọ́ọ̀lù àti agboòrùn àwọn ọmọ mi ń gbé.

Ẹ ṣọ́ra o, Pacifica tó ṣe é ki iná bọ̀ kò ní ihò yẹn lábẹ́ ìjókòó àárín. Bátìrì ló wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ rí gbà dípò rẹ̀ ni máìlì 32 tí ẹ máa fi iná nìkan rìn kí epo tó bẹ̀rẹ̀.

Tèmiladùn
Ẹ̀gbọ́n Àlàbí, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ìjókòó tó ń ká yẹn, ṣé kò fẹ́lẹ́? Mo jókòó sórí ẹ̀ rí, ẹ̀yìn ń dùn mí kí a tó délé.

Àlàbí Onímọ́tò
Ó fẹ́lẹ́ díẹ̀, n ò jiyàn. Àwọn ọmọ ò bìkítà. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ ìtura, kó wá síwájú.

Ìyá Moyọ̀
Ẹ jẹ́ ká fi ìjókòó sílẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ti ilẹ̀kùn. N ò ní dárúkọ ọkọ̀ náà, torí gbogbo wọn ló ní irú ilẹ̀kùn oníná tó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí. A páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ń wá ìwé kan nínú báàgì mi. Moyọ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú bẹ́líìtì, n ò sì mọ̀ pé ó ti tú u. Ó fọwọ́ kan ọwọ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fúnra rẹ̀, sí ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà kọjá. Ẹ gbọ́, kò yára, jẹ́jẹ́ ló ń lọ, èmi ni n ò lè ta dé ẹ̀yìn kíá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fà á mú lẹ́wù. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń sunkún, àwọn ọmọ ń wò mí.

Ilẹ̀kùn tó ń fà dáa ju èyí tó ń là síta lọ, kò ní gbá ọkọ̀ ẹlòmíràn. Àmọ́ kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kúrò níbi tí ẹ ti rà á, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọdé hàn yín. Ó máa ń wà ní etí ilẹ̀kùn. Bọ́tìnì kan tún wà níwájú dẹ́rẹ́bà, tó ń pa iṣẹ́ oníná ilẹ̀kùn náà.

Àǹtí Ṣadé
Yéè! Orí mi wú bí mo ṣe ń ka èyí. Ọlọ́run ló ṣe é.

Ìyá Ìbejì
Ìyá Moyọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú orí ire. Ìbejì mi ti mọ bẹ́líìtì tú náà. Èyí nìkan tó fún mi láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Ọmọ Akin
Ìdí nìyí tí mo fi ra SUV. Ilẹ̀kùn tèmi, ọwọ́ ni mo fi ń ṣí i.

Bàbá Wúrà
Ọmọ Akin, SUV onílà ìjókòó mẹ́ta tìẹ yẹn, ta ló ń jókòó sí ìlà kẹta? Sọ òótọ́.

Ọmọ Akin
Àbúrò mi ni, sà.

Bàbá Wúrà
Ọmọ ọdún mélòó?

Ọmọ Akin
Mẹ́jọ 😅

Bàbá Wúrà
Ẹ ò rí i? Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin, wọ́n sì ń wọ Sienna wa láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé wọn. Ilẹ̀ rẹ̀ ò ga, ilẹ̀kùn fẹ̀, ọwọ́ ní ibi tó máa dì mú. Ìjókòó kẹta tó fi eékún kan àgbọ̀n, ṣé ìjókòó nìyẹn?

Àǹtí Ṣadé
Bàbá Wúrà, ẹ ṣé gan-an. Èmi náà ń gbé màmá mi lọ síbi ìtọ́jú. Ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn tó ń ní ojú ń ti àwọn láti wa minivan, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Dókítà Ilé
Ẹ jẹ́ n mú ọ̀rọ̀ ààbò wá, kò tíì sí ẹni tó sọ ọ́. Àjọ IIHS ní Amẹ́ríkà máa ń fi ọkọ̀ gbá ògiri láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ère èèyàn sí ẹ̀yìn dẹ́rẹ́bà ní àwọn minivan mẹ́rin, Carnival, Pacifica, Sienna àti Odyssey, kò sí ọ̀kankan tó gba máàkì tó dára. Odyssey ló gba èyí tó kéré jù. Minivan, ọkọ̀ ọmọdé! Ó yà mí lẹ́nu gan-an.

Àlàbí Onímọ́tò
Dókítà, ẹ má dẹ́rù ba obìnrin aláboyún. Ọmọ inú àga ọmọdé kọ́ ni wọ́n dán wò.

Dókítà Ilé
N ò dẹ́rù bà wọ́n. Òótọ́ ni, ère yẹn tóbi tó obìnrin kékeré tàbí ọmọ ọdún 12, bẹ́líìtì lásán ló sì wà lára rẹ̀. Àjọ náà ṣì sọ pé ẹ̀yìn ni ibi tó dáa jù fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìbejì ò ní wà nínú àga ọmọdé títí ayé. Kí ẹ wo èsì ọkọ̀ ti ọdún tí ẹ fẹ́ rà gan-an, torí wọ́n máa ń tún wọn ṣe.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun, Dókítà. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ ti Carnival náà.

Fẹ́mi K
Tiwa ni Carnival hybrid, irú ti ọdún 2025. Búùtù lẹ́yìn ìlà kẹta gba ẹrù ju ti gbogbo àwọn tí a wò lọ: cubic feet 40.2, ti Sienna jẹ́ 33.5. Kẹ̀kẹ́ ọmọ ìkókó tó ṣe é kó ìbejì wọ̀ ọ́ lódindi. Epo rẹ̀ tó nǹkan bíi máìlì 33 lórí gálọ́ọ̀nù. Ti ìjókòó: tí ẹ bá mú ti ènìyàn mẹ́jọ, ti àárín ṣe é yọ. Àwọn tó dà bí ti ọkọ̀ òfuurufú, tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè, kò ṣe é yọ. Ẹ mú ti ènìyàn mẹ́jọ, ẹ gbé ọmọ tuntun sí àárín, kí ìbejì wà lọ́tùn-ún lósì.

Tèmiladùn
Wọn a máa ta á nípàá. Ẹ gbé ìbejì lọ sẹ́yìn!

Fẹ́mi K
Ta ló máa gun ẹ̀yìn lọ dè wọ́n tí oyún bá ti wúwo? Ẹ rò ó.

Àǹtí Ṣadé
Fẹ́mi gbọ́n. Odyssey náà dáa fún irú èyí o, ìjókòó àárín rẹ̀ ń rìn sọ́tùn-ún sósì tí ẹ bá yọ ti agbede kúrò, ọ̀nà á là dé ìlà kẹta láìtú àga ọmọ.

Ọmọ Akin
Ẹ̀yin tí ẹ ń fa tírélà ńkọ́?

Àlàbí Onímọ́tò
Sienna àti Odyssey ń fa pọ́n-ùn 3,500, Pacifica elépo 3,600. Carnival hybrid 2,500. Pacifica oníná kò gbọdọ̀ fa nǹkankan. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi ẹ́.

Bàbá Wúrà
Ìyá Ìbejì, ohun kan ṣoṣo ló kù. Ẹ béèrè táyà sípéà. Sienna tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wọ́, kò sí sípéà nínú rẹ̀, ibi tó yẹ kó wà ni mọ́tò ẹ̀yìn gbà. Oògùn tí a ń fún sínú táyà àti ẹ̀rọ tí a fi ń fẹ́ ẹ ni wọ́n ń fún ni. Táyà tó bá là lẹ́gbẹ̀ẹ́, oògùn ò lè ṣe nǹkankan sí i.

Ìyá Ìbejì
Háà! Èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wọ́ yẹn gan-an lọkọ mi fẹ́. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n pè é kó tó lọ sanwó.