Ẹ̀yin tí ẹ̀sìn yín àti ti aya yín yàtọ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o. Mùsùlùmí ni mí. Láìpẹ́ yìí, mo bá àfẹ́sọ́nà mi lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Iléṣà níbí. Bí wọ́n ṣe ka Éfésù 5, pé kí ọkọ fẹ́ràn aya bí Kristi ṣe fẹ́ràn ìjọ, ó di ọwọ́ mi mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kùránì 5:5 gbà mí láyè láti fẹ́ ẹ. 2 Kọ́ríńtì 6:14, pé kí onígbàgbọ́ má ṣe fi àìdọ́gba dàpọ̀ pẹ̀lú aláìgbàgbọ́, ni àwọn ẹbí rẹ̀ ń kà sí mi létí. Mi ò ní kó fi Jésù sílẹ̀, èmi náà ò sì lè fi kírun sílẹ̀. Ṣé kóòtù lẹ ti ṣe tiyín, àbí ẹ so yìgì? Àwọn ọmọ ńkọ́?