Mo gba abẹ́rẹ́ fúlúù lọ́dún tó kọjá, ṣé áńtíbọ́dì rẹ̀ ti tán ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú àárọ̀ o. Mo gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlúù lọ́dún tó kọjá, wọ́n tún ti ránṣẹ́ pé kí n wá gba òmíràn. Ṣebí nọ́ọ̀sì ní áńtíbọ́dì, ìyẹn ohun tí ara ń ṣe láti fi bá àrùn jà, á ti wà lára mi? Ibo ló lọ? Ẹ̀gbọ́n Láàbù, ẹ̀yin ni mò ń wò o.

Ẹ̀gbọ́n Láàbù: Káàárọ̀, Ìyá Ìbejì. Ó máa ń dín kù bí oṣù ti ń gorí oṣù, àmọ́ ẹjọ́ fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ara fáírọ́ọ̀sì fúlúù kún fún ṣóńṣó wẹ́wẹ́ tó ń jẹ́ hemagglutinin. HA lásán la ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. HA ní orí, ó ní ọrùn. Kòtò kékeré kan wà lórí rẹ̀ tó fi ń di ṣúgà kan mú lára sẹ́ẹ̀lì imú, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró wa. Bí kò bá ríbi dì mú, kò ríbi wọlé nìyẹn.

Áńtíbọ́dì rí bí igi kànnàkànnà: apá méjì lókè, ìdí kan nísàlẹ̀. Ẹnu apá yẹn ló fi ń mú nǹkan. Èyí tó bá balẹ̀ sí kòtò yẹn tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dínà. Kò pa fáírọ́ọ̀sì o, ó gbégi dí i lọ́nà ni. Ìdí rẹ̀ tó yọ síta ló ń ké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé nǹkan mì kí wọ́n wá palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Àwọn áńtíbọ́dì kan ò tiẹ̀ bá orí jà, ọrùn ni wọ́n ń dì mú. Fáírọ́ọ̀sì á wọnú sẹ́ẹ̀lì nínú àpò kékeré kan. Inú àpò yẹn á kan bí ásíìdì, HA á sì fẹ́ yíra padà kó lè já àpò náà jáde. Áńtíbọ́dì tó ti mú un lọ́rùn kò ní jẹ́ kó yí. Inú àpò ló máa há sí. (Èyí ló wù mí jù nínú gbogbo wọn, ká má purọ́.) Òmíràn ń dojú kọ neuraminidase, ìyẹn àlùmọ́gàjí tí àwọn ọmọ fáírọ́ọ̀sì tuntun fi ń gé ara wọn kúrò lára sẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ náà ni oògùn fúlúù tó ń jẹ́ oseltamivir ń lù.

Túndé: Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ara ò kúkú máa mú gbogbo wọn lọ́rùn?

Ẹ̀gbọ́n Láàbù: Orí ló yọ síta, òun lara ń kọ́kọ́ rí, ọrùn fara pamọ́. Orí yẹn náà ló sì ń yí padà jù. Bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń da àbùdá rẹ̀ kọ, kò sẹ́ni tó ń bá a tún àṣìṣe ṣe. Àṣìṣe kan péré lẹ́bàá kòtò, áńtíbọ́dì ọdún tó kọjá lè mú un kó yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń ṣèpàdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún lórí ohun tó yẹ kó wà nínú abẹ́rẹ́: ní oṣù Kejì fún ìdajì ayé tó wà níhà àríwá, ní oṣù Kẹsàn-án fún ti gúúsù. Ẹni tó bá kó láti ìdajì kan lọ sí èkejì, kó béèrè ti ibẹ̀, torí àsìkò fúlúù ti yí sódì fún un.

Bàbá Àgbà: Èyí tí mo gbà lẹ́ẹ̀kan, òun gan-an ló fún mi ní fúlúù.

Ẹ̀gbọ́n Láàbù: Ẹ má bínú, bàbá. Fáírọ́ọ̀sì inú abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sápá ti kú, tàbí kó jẹ́ HA rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ara gbígbóná ọjọ́ kan tàbí méjì, ara yín ló ń ṣiṣẹ́. Áńtíbọ́dì sì ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó pọ̀ tó. Fúlúù lè ká yín mọ́ àárín yẹn.

Adéọlá: Oyún mi ti pé oṣù méje. Ṣé kí n bímọ ná?

Ẹ̀gbọ́n Láàbù: Má dúró, àbúrò. Áńtíbọ́dì rẹ máa gba ibi ọmọ kọjá sára ọmọ, wọn kì í sì í fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 ní abẹ́rẹ́ yìí. Èyí tó bá rí gbà lọ́dọ̀ rẹ ló máa lò. Bá agbẹ̀bí rẹ sọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti pè wọ́n, ọjọ́ Tuesday ni. Apá òsì ni n ó nà sí wọn lọ́tẹ̀ yìí. Ọjọ́ méjì gbáko ni n ò fi lè gbé ọ̀tún sókè lọ́jọ́sí.