Báwo ni Euler ṣe rí ohun tó pín 4294967297?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣirò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Nọ́ńbà kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò: 4294967297, ìyẹn 2³² tí a fi 1 kún. Ó parí sí 7, nítorí náà 2 àti 5 kò lè pín in. Àròpọ̀ àwọn díjíìtì rẹ̀ jẹ́ 59, nítorí náà 3 kò lè pín in láìsí àṣẹ́kù. Mo kà pé ní nǹkan bí ọdún 1640, Fermat ará Faransé gbà pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni, ìyẹn nọ́ńbà tí kò sí ohun tó lè pín in tán àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n Euler, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, fi hàn ní 1732 pé kò rí bẹ́ẹ̀. 65536 lọ́nà 65536 fi 1 péré kéré sí i, àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó sì wà lábẹ́ 65536 lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ṣé gbogbo wọn ni Euler dán wò láìsí kọ̀ǹpútà?

Bàbá Olùkọ́:
Kò dán gbogbo wọn wò. Ẹ má sì bínú sí Fermat púpọ̀, torí pé àwọn márùn-ún tó ṣáájú nínú ẹbí yìí (2¹, 2², 2⁴, 2⁸ àti 2¹⁶ tí a fi 1 kún), ìyẹn 3, 5, 17, 257 àti 65537, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn. Ohun tí Euler rí ni pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ yòówù tó bá máa pín 2³² + 1 tán, bí a bá yọ 1 kúrò lára rẹ̀, 64 gbọ́dọ̀ lè pín ohun tó kù. Nítorí náà, 65, 129, 193 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ni ká máa wò. Bí a bá sì ju àwọn tí kì í ṣe nọ́ńbà àkọ́kọ́ dànù, 193, 257, 449, 577 àti 641 ló kọ́kọ́ kàn wá. Ìkarùn-ún ló bá a mu: 641 lọ́nà 6700417. Ní 1878, Lucas, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, fi hàn pé kì í ṣe 64 nìkan, 128 pàápàá gbọ́dọ̀ pín in. Ká ní Euler lo òfin yìí ni, 257 nìkan ni ì bá dán wò kó tó kan 641.

Olóòṣirò:
Ẹni tí kò bá fẹ́ jókòó ti ìṣirò pínpín náà lè rí i. 5 × 2⁷ jẹ́ 640, ó fi 1 kéré sí 641. Nítorí náà, bí a bá fi 641 pín 5⁴ × 2²⁸, 1 ni yóò ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n 5⁴ jẹ́ 641 tí a yọ 2⁴ kúrò nínú rẹ̀. Bí a bá fi èyí rọ́pò rẹ̀, apá tí 641 wà nínú rẹ̀ yóò pín tán, yóò wá ku −2³². Àṣẹ́kù −2³² àti ti 1 wá di ọ̀kan náà, ìyàtọ̀ wọn, tí í ṣe 2³² + 1, sì gbọ́dọ̀ pín tán. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà yìí, nítorí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣirò:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé 6700417 fúnra rẹ̀ kò tún ṣe é pín mọ́?

Bàbá Olùkọ́:
Kò ṣe é pín mọ́. Ohun tó bá pín in yóò pín 4294967297 náà, nítorí náà òfin 128 dè é. A kò sì ní láti wá a kọjá 2588, torí 2589 lọ́nà 2589 ti ju 6700417 lọ; títí dé ibẹ̀, 257, 641, 769, 1153 àti 1409 nìkan ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó bá òfin náà mu. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó pín in tán. Ẹ tún wo èyí: 4294967297 jẹ́ 65536² + 1², ó sì tún jẹ́ 62264² + 20449². Nọ́ńbà àkọ́kọ́ kì í ní ju ọ̀nà kan bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tó bá rí ọ̀nà kejì yìí ti mọ̀ pé ó ṣe é pín, kódà bí kò tíì mọ 641 rárá.