Ìgbà wo gan-an ni ká tó sọ pé iṣẹ́ parí?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ méjì ní Kàbà, ọ̀kan ní Ìsánlú, la jọ ń kọ sọ́fítíwíà kan ṣoṣo. Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ ò parí àfi tí ẹlòmíràn bá yẹ kóòdù wò, tó sì dán an wò. Àwọn ará Ìsánlú ní tó bá ti ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àwọn, ó bùṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a pa á pọ̀, ojú ewé ìsanwó kọ̀, kò ṣí. Ó dùn mí gan-an.

Scrum Guide ti 2020, ìyẹn ìwé ìlànà Scrum, ọ̀nà kan tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ní díẹ̀díẹ̀, ní ká jọ ní Definition of Done kan náà, ìyẹn àdéhùn lórí ohun tó gbọ́dọ̀ pé ká tó sọ pé iṣẹ́ parí. Mo gbà. Báwo lẹ ṣe fẹnu kò láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ kan ń pàṣẹ fún ìkejì? Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ṣe é rí?