"Ẹran àgbò" kọ́ ni mutton

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé nínú ìròyìn òwò ẹran Ọsirélíà àti New Zealand, ká máa pe lamb ní "ẹran ọ̀dọ́-àgùntàn", ká sì máa pe mutton, ìyẹn ti àgùntàn tó ti dàgbà, ní "ẹran àgbò". Ti àkọ́kọ́ dáa. Ti èkejì ò ṣeé lò. Akọ ni àgbò, bẹ́ẹ̀ abo tó ti bímọ títí tó fi dàgbà ló pọ̀ jù nínú mutton. Bí ọ̀dá bá dá ní Ọsirélíà tí koríko sì gbẹ, àwọn abo yìí làwọn tó ń sìn wọ́n máa ń tà kúrò nílẹ̀, mutton tó ń lọ sí Ṣáínà á sì pọ̀ sí i. "Ẹran àgbà àgùntàn" tó mi.

Ẹ má sì fi ọjọ́ orí nìkan pààlà, eyín ni wọ́n ń wò. Àgùntàn kò ní eyín iwájú lókè. Mẹ́jọ ló wà nísàlẹ̀, eyín ọmọdé sì ni gbogbo wọn níbẹ̀rẹ̀. Láàárín oṣù méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, méjì àárín á já, eyín àgbà á sì rọ́pò wọn. Tẹ́lẹ̀ ní Ọsirélíà, kí eyín àgbà kan ṣáà ti yọrí nínú erìgì, lamb ti di nǹkan mìíràn nìyẹn, owó rẹ̀ á já wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sáré tà á. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2019, bó bá tilẹ̀ ti lé lọ́dún kan, lamb ṣì ni títí eyín náà yóò fi ga dé ibi tó ń ṣiṣẹ́. Èyí tó wà láàárín, hogget, ẹ jẹ́ ká pè é ní "eléyín-méjì".

"Ẹran tútù" fún chilled, ìyẹn èyí tí wọ́n fi òtútù tọ́jú láìjẹ́ kó dì, ńkọ́? Èyí tí ọkọ̀ ojú omi Dunedin kó láti New Zealand lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1882 dì gbagidi. "Ẹran dídì" nìyẹn, -18°C la fi ń tọ́jú rẹ̀ lónìí. Èyí tó ń pa owó jù kì í dì: wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá rẹ̀ tán, wọ́n á fi sí nǹkan bíi -1°C, á lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ. Bí òtútù bá dín, kòkòrò àìrí á bà á jẹ́ kó tó gúnlẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, á dì, omi ara rẹ̀ á sì máa ṣàn tó bá yọ́. Ẹni tó bá ka "tútù" á rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á ni, tàbí pé kò tíì jiná. Mo fara mọ́ "ẹran inú òtútù".

"Ẹran" fúnra rẹ̀ tún ń da nǹkan rú. Àgùntàn New Zealand tó 70 mílíọ̀nù ní 1982. Ní 2023 kò tó 25 mílíọ̀nù mọ́. Bí a bá kọ pé "ẹran dín kù", èwo là ń sọ? Èyí tó ń jẹko dín gan-an. Èyí tó ń wọ ọkọ̀ kò dín tó bẹ́ẹ̀, torí ọmọ tí abo ń bí pọ̀ sí i, ara wọn sì wúwo ju ti àtijọ́ lọ. Bákan náà, òfin Ọsirélíà tí yóò fòpin sí kíkó àgùntàn gba orí òkun láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2028, ti òòyẹ̀ nìkan ló kàn. Àkọlé tó bá sọ pé "wọn ò ní kó ẹran jáde mọ́" ti ṣìnà.